Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun dé: bí ẹ̀yin tíṣà ṣe máa gbé e wọ kíláàsì láì dúró de sẹ́mínà

Ẹ̀yin tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọmọ olọ́mọ. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé á máa tẹ̀ lé, ní 2025, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ kiri sítáfù rúùmù: wọn ò tíì pè wá sí sẹ́mínà, ìwé ò tíì dé, HM, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé, ò tíì sọ nǹkan kan. Òótọ́ lè ni gbogbo ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní praimari 4 báyìí ò ní dúró dè wá, tó bá di ìparí táàmù kẹta ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Tíṣà méjì mẹ́ta tó bá gbọ́ra wọn yé lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí, bí mo ṣe rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó yí padà gan-an torí àhesọ ti pọ̀ jù lórí WhatsApp. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀kọ́, ló ń ṣe kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù, kì í ṣe WAEC, kì í sì í ṣe àwọn tó ń gbé ìwé wá tà fún wa. Wọ́n dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù: praimari 1 sí 3 á máa ṣe 9 sí 10, praimari 4 sí 6 á máa ṣe 10 sí 12, JSS 12 sí 14, SS 8 sí 9. Kíláàsì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni praimari 1, praimari 4, JSS1 àti SS1, nítorí náà tíṣà JSS3 tó ń sá sókè sá sódò kó fara balẹ̀, àwọn ọmọ tiẹ̀ ṣì ń bá ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SS1 lẹ ò ráyè, torí ọmọ tó wọ SS1 ní September 2025 ló máa jókòó WAEC 2028, ẹ kà á wò.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìwé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù náà fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì yín, ìbáà ṣe lórí fóònù, ibi tẹ́ ẹ máa wò ló ṣe pàtàkì jù. Kọ́lọ́ọ̀mù kọ́lọ́ọ̀mù ni ìwé NERDC máa ń wà: tọ́píìkì, performance objectives, content, iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ọmọ, ohun èlò, lẹ́yìn náà evaluation guide. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, kí ni ọ̀pọ̀ wa ń dà sínú lẹ́sìn nóòtù, ètò iṣẹ́ tí tíṣà ń kọ sílẹ̀ kó tó wọ kíláàsì? Tọ́píìkì àti content ni. HM á máàkì ẹ̀, á di Monday, ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, performance objectives àti evaluation guide yẹn gan-an ló sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe fúnra ẹ̀ kó tó kúrò ní kíláàsì. Ẹni tí ò bá ka méjèèjì yẹn, tọ́píìkì tuntun ló ń kọ́, ọ̀nà àtijọ́ ló ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú èrè àti àdánù nínú máàtì. Bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tíṣà á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé èrè ni iye tá a tà á tá a bá ti yọ iye tá a rà á kúrò, ọmọ á dà á kọ, wọ́n á ṣe ìbéèrè márùn-ún tó jọra wọn bí ìbejì, gbogbo ẹ̀ gúdù gúdù gúdù. Ó dáa. Ẹ wá fún wọn ní èyí: ìyá kan ra àpò gàrí kan ní Ìkòyí-Ilé ní ₦40,000, ó san owó mọ́tò ₦2,000 kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́ńgò 50 ló rí nínú ẹ̀, ó ń ta kọ́ńgò kan ₦900. Èló ló jẹ? Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa rìn kiri kíláàsì kẹ́ ẹ máa wo ìwé wọn. Ọmọ tó bá sọ pé ₦5,000 ti gbàgbé owó mọ́tò, ₦3,000 ló jẹ. Ẹ tún bi wọ́n pé tí ọjà bá kú tí ò fẹ́ pàdánù, èló ló kéré jù tó lè ta kọ́ńgò kan? Ẹni tó bá lè ṣàlàyé bó ṣe dé orí ₦840 fún ẹni tó jókòó tì í, òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ẹ ò sì nílò ìwé tuntun kankan.

Tọ́píìkì kan péré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ kọ lẹ́sìn nóòtù ẹ̀. Ẹ má dá a lé gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti Yunifásítì Ifẹ̀ pàápàá, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ ní 1970, ilé ìwé kan ṣoṣo ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lò, St Stephen's A, wọ́n sì ń kọ ìwé fún un, wọ́n ń dá tíṣà ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọ tọ́píìkì náà, ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ti tó, kí kálukú mú ìwé ọmọ mẹ́ta wá: ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà láàárín, ẹni tó ń tiraka. Ìwé yẹn lẹ máa wò, ẹ gbé evaluation guide sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí ju kẹ́ ẹ máa lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì ara yín lọ, torí lójú tíṣà tó bá rí ẹni tó ń wò ó, ínsípẹ́kítọ̀ lẹ dà. Tí ìpàdé bá sì ti di ọ̀rọ̀ owó oṣù àti kọpuréétífù, ẹ tètè túká, ìyẹn náà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ńkọ́? Kò sí sítáfù rúùmù tí ò ní mọ́mì tó ti rí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án ti 2008, tó tún rí àtúnṣe ẹ̀ ní 2014, tó máa sọ fún yín pé "ẹ̀yin ọmọ yìí, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e wá nìyẹn, ó máa rọlẹ̀." Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kẹ́ ẹ sọ pé "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é tó fi máa ń yé wọn?" Wọ́n mọ ibi tí ọmọ ti máa ń ṣubú nínú tọ́píìkì yẹn jù yín lọ, ẹ sì máa rí i pé wọ́n á ti jókòó tì yín kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀.

Ti HM yá. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ mú lẹ́sìn nóòtù àtijọ́ àti tuntun dání pẹ̀lú ìwé ọmọ, kẹ́ ẹ sì tọrọ nǹkan kékeré kan, bóyá píríọ́ọ̀dù kan lórí taimutébù tí gbogbo yín ò ní níṣẹ́, kẹ́ ẹ lè fi pàdé. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù ohun tí LGUBEA, àjọ tó ń bójú tó ilé ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀, máa sọ, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí lẹ́sìn nóòtù lásán, ohun tó kúkú jẹ́ nìyẹn.

Àwọn SS ní wàhálà tiwọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ 34 nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù 2011 ti di 6: sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, pẹ̀lú ọ̀gbìn. Ilé ìwé tí ò ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù kó má mú sólà torí pé orúkọ ẹ̀ dùn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe kún Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ lè kọ lẹ́tà kí pirinsípà fọwọ́ sí i kí ẹnì kan máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú fóònù tó ti kú, káwọn ọmọ tú u. Ṣùgbọ́n tíṣà ò gbọdọ̀ jáde o, òun ló máa fún wọn ní máàkì.

Ẹ tètè bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní PTA, ní Yorùbá. Ìwé nóòtù ni wọ́n fi ń wọn ọmọ, tí nóòtù bá ti tín-ín-rín wọ́n á ní tíṣà ò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó bínú wá, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n má tíì ra ìwé fún praimari 4 àti JSS1 títí ilé ìwé á fi fún wọn ní lísìtì.

Gbogbo lẹ́sìn nóòtù tẹ́ ẹ bá jọ kọ, ẹ kó o sínú fáìlì kan ní ọ́fíìsì HM. Kíláàsì tó tẹ̀ lé e ló kàn, praimari 2, praimari 5, JSS2, SS2, tíṣà tó wà níbẹ̀ á sì fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ bá ọmọ dé. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sílé o, torí tíránsífà ò ní sọ fún yín kó tó dé.