Bí a ṣe ń wọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé láìdá a láàmú: fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́

Láti Owódé títí dé ọjà Akẹ̀sán, ariwo ò wọ́n ní Ọ̀yọ́. Ọ̀kadà ń fun fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń kùn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké lórí ilé ìsìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ fún mi pé àwọn ìbá rí ibi lọ fún ọjọ́ kan péré kí etí àwọn sinmi. Wọn ò mọ̀ pé ọ́fíìsì tó ń mójú tó ibi tó dákẹ́ jù lágbègbè wa ò jìnnà sí wọn, ní Ìsọ̀kùn, lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Ọgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́ Ilé ni mò ń wí, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní gémù rìsáàfù.

Ilẹ̀ náà tóbi: kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ọdún 1936 ni ìjọba ti kọ́kọ́ ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ìjọba, ọdún 1952 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìdáàbòbò ẹranko, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ẹ má retí igbó kìjikìji. Ọ̀dàn ni: igi òrí, igi irú, apá àti àyìn tó takété síra wọn, koríko láàárín, àpáta lókèèrè, odò Ògùn tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìsọ̀kùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tìtorí pé ẹ mọ ẹnì kan ní Igbẹ́tì tàbí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kí ẹ gba ibẹ̀ wọlé. Ọ́fíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹ bèèrè apá ibi tó ṣí sílẹ̀ fún àlejò lásìkò náà, bí ojú ọ̀nà ṣe rí, iye tí ẹ máa san, ibi tí ẹ lè sùn bí ilẹ̀ bá ṣú, àti bóyá wọ́n á gbà kí kẹ̀kẹ́ wọlé, ojú ọ̀nà wo sì ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè nípa ààbò, kí ẹ sì bi wọ́n ní tààrà. Igbó tó fẹ̀ tó báyìí, tó pààlà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé, kì í ṣe ọjọ́ gbogbo ni gbogbo ibẹ̀ ṣeé wọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ gba ọ̀nà Awẹ́ lọ ní ìdájí, kí ẹ rìn láàárín oko, kí ẹ fi ọjọ́ mìíràn sí ti igbó. Mo ti padà sílé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò kábàámọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ igbó á bá yín lọ

Ibí yìí ló máa ń ta kókó fún ẹni tó fẹ́ dá nìkan wà. Ẹ ò gbọdọ̀ dá wọ igbó yìí o. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìmàdò wà níbẹ̀, ọ̀nà sì lè dà rú mọ́ni lójú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n èèyàn lè wà pẹ̀lú ẹlòmíì kí ó má sì gbọ́ ohùn rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ ti sọ ọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé àlejò ń fẹ́ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí èmi máa ń sọ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìdákẹ́jẹ́ ni mo wá fún. Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ fọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Bí a bá jókòó jẹun, màá fẹ́ gbọ́ gbogbo àlàyé.” Mi ò tíì rí èyí tó bínú. Èyí tó bá mi lọ kẹ́yìn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ogún ẹsẹ̀ síwájú mi, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe rìn títí oòrùn fi mú.

Àsìkò

Láti December sí March ló dára jù. Ní October, koríko ẹ̀rúwà ti ga ju èèyàn lọ. Ẹ lè wà nítòsí àgbọ̀nrín kí ẹ má rí nǹkan kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti múlẹ̀, koríko á gbẹ, omi inú kòtò á tán, àwọn ẹranko á sì máa wá sí etí odò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Tó bá fi di agogo mọ́kànlá, ẹranko ti wọ ibòji lọ, ẹ̀yin náà ẹ wá ibòji.

Aṣọ àti ẹrù

Ẹ má wọ aṣọ búlúù, ẹ má wọ dúdú. Eṣinṣin ìrù (tsetse), tó máa ń jẹni, wà nínú ọ̀dàn, àwọ̀ méjèèjì yìí ló sì máa ń fà á mọ́ra jù. Àwọ̀ ewé tó ti gbẹ tàbí ti ilẹ̀ ló bójú mu, kí apá aṣọ gùn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò sínú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sáré kúrò lọ́nà fún èèyàn, nítorí náà ibi tí ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí ni kí ojú yín kọ́kọ́ dé.

Wèrèpè ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni èso rẹ̀ máa ń gbó, irun ara rẹ̀ á sì máa fò lójú atẹ́gùn. Bí ó bá bà yín, ẹ má ha á, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn kan ojú.

Lítà omi 3 fún ẹnì kan ni mo máa ń gbé fún ìdajì ọjọ́. Ẹ gbé àádùn, ẹ̀pà, gààrí. Ẹ fi ẹja díndín sílẹ̀ sílé, òórùn rẹ̀ lè pe ẹranko wá bá yín. Ohun tí ẹ bá sì gbé, ẹ má fi ọ̀rá gbé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, èsúró méjì dúró lábẹ́ igi òrí, kò ju ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sí mi lọ. Mo rí bí etí wọn ṣe ń mì, mo rí ìrì àárọ̀ lára koríko tí wọ́n ń jẹ. Mo na ọwọ́ sínú àpò láti mú omi, ọ̀rá gààrí dún pàràpàrà, kí n tó gbójú sókè, koríko tó ń mì nìkan ló kù. Láti ọjọ́ náà, àpò aṣọ kékeré ni mo ń kó oúnjẹ sí.

Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́

Ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ ni ojú ọ̀nà ibẹ̀. Òkúta náà máa ń yí lábẹ́ táyà bí ẹ̀wà gbígbẹ. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè bá a yí. Ẹ lo èyí tó fẹ̀, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè gbá ilẹ̀ mú. Ẹ gbé túùbù kan dání, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, pọ́ǹpù àti sípánà, torí kò sí fọkanáísà níwájú. Kí ẹ tó lọ, ẹ ti kọ́ bí ẹ ṣe ń yọ táyà ẹ̀yìn fúnra yín.

Ewu kẹ̀kẹ́ kan wà tí ẹlẹ́sẹ̀ ò ní. Ẹranko máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn láti òkèèrè, á sì yà fún un. Kẹ̀kẹ́ kì í dún, ó sì yára. Ẹ lè yọ sí ẹfọ̀n lójijì níbi tí ọ̀nà ti yí. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ẹ ò bá ti rí iwájú, ẹ rọra, kí ẹ̀ṣọ́ sì wà níwájú yín. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jókòó

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe nìyí, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Wọ́n á rìn, rìn, rìn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà, wọ́n á ní àwọn ò rí ẹranko kankan. Ìrìn wa ni igbó ń gbọ́, ó sì ti pa ẹnu mọ́. Ẹ wá ìdí igi tó kọjú sí omi, kí ẹ wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ jókòó, kí ẹ pa ohùn fóònù. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, àdàbà kan á dún. Àparò á dá a lóhùn láti inú koríko. Tó bá fi máa tó ogún ìṣẹ́jú, ẹ óò gbọ́ bí àwọn awó ṣe ń fẹsẹ̀ tu ewé gbígbẹ, wọ́n á sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ìnàkí kan gbé ọmọ sẹ́yìn, ó wá mumi níwájú mi, ọmọ náà ń wo mi, ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ bìkítà.

Bí ẹ bá lọ sí apá ibi tí Ọ̀yọ́ Ilé wà gan-an, ẹ óò rí àpáàdì nílẹ̀ káàkiri, àti àmì odi ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn Aláàfin jókòó sí títí ogun fi tú ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà fi tẹ Ọ̀yọ́ tí a wà lónìí dó. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo àpáàdì náà dáadáa. Ẹ óò rí ọnà tí obìnrin kan fi okùn tàbí igi yí sí i lára kó tó sun ún. Ẹ má mú un. Ìkòkò ìyá ẹnì kan ni, ibi tó wà yẹn ló sì ń sọ bí ìlú ṣe tò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ọgbà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1999 ò gba ìbọn, iná dídá tàbí igi gígé láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gé igi, ẹ̀ṣọ́ ni kí ẹ sọ fún, ẹ má lọ bá a fúnra yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé, àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà sí nínú igbó. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ àti wákàtí tí ẹ máa jáde sórí ìwé, kí ẹ fún ẹnì kan tí kì í gbàgbé nǹkan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni èmi máa ń fún. Bí ó bá di agogo méje alẹ́ tí mi ò tíì pè é, ó mọ ẹni tí yóò pè.

Bí ẹ bá jáde, ẹni tí ẹ fún ní ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ dágbére fún ẹ̀ṣọ́, kí ẹ buwọ́ lùwé ìjáde. Nílé, ẹ bọ́ aṣọ síta, kí ẹ wo ẹ̀yìn etí, abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún fún eégbọn, kí ẹ sì gbọn ìdọ̀tí àti irúgbìn tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà dànù.