Bí a ṣe ń gba obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù nímọ̀ràn, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀

Obìnrin tí ọkọ ń lù kì í tètè sọ ọ́ síta, nígbà tí ó bá sì sọ ọ́, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ wí fún un ni pé kí ó ní sùúrù nítorí àwọn ọmọ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2013 fi ìfetísílẹ̀ ṣáájú ìmọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ tí ó bá ti lé ní ọdún 2 pàápàá kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó lè tún un sọ nílé. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ ìwọ̀n tí ó bá fẹ́ sọ. Ẹ má ṣe bi í ní ohun tí ó ṣe tí ọkọ fi lù ú. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, àti pé kò jẹ̀bi.

Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú ara. Bí ọkọ bá ti fún un lọ́rùn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí kò tilẹ̀ sí àpá kankan. Bí ó bá fipá bá a lò pọ̀, oògùn tí ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, kí obìnrin náà sì lo oògùn tí ń dènà oyún láàárín ọjọ́ 5. Bí ó bá ti yá tó ni ó dára tó. Ní Èkó, Mirabel Centre tí ó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà ti ń tọ́jú àwọn tí a fipá bá lò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013.

Ẹ wá bi í bóyá lílù náà ń le sí i, bóyá ọkọ ti fi ọ̀bẹ tàbí ìbọn dẹ́rù bà á, tàbí ó ti lérí pé òun yóò pa á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ wá ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì ṣe tán láti kúrò, ẹ má ṣe tì í, nítorí pé ìgbà tí obìnrin bá ń fi ilé sílẹ̀ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ sí i. Ó lè kó ìwé ẹ̀rí, oògùn àti owó díẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ó fọkàn tán.

Àṣà wa ni kí a pe tọkọtaya jókòó, kí a sì parí ìjà fún wọn. Èmi kò fara mọ́ ọn níbi tí lílù bá ti wọ̀ ọ́: obìnrin kò lè sọ òótọ́ lójú ẹni tí yóò tún lù ú bí wọ́n bá délé.

Bí àìsùn, ìjáyà àti àlá burúkú kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ bá a wá onímọ̀ ìlera ọpọlọ tí ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹni tí ó la ìwà ipá kọjá. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007 lórí ìwà ipá inú ilé fún ilé ẹjọ́ lágbára láti pàṣẹ ààbò fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá òun yóò lọ sí ilé ẹjọ́.

Kí ẹ tó pínyà, ẹ bi í ní àkókò àti nọ́ńbà tí ẹ lè fi pè é láìséwu, kí ó má baà jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ yín ni ọkọ yóò fi mọ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀.