Ẹ má gbé Windows XP sórí SATA nínú VirtualBox
Ẹ̀yin ará, bí sọ́fítíwia àtijọ́ kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ àfi lórí Windows XP, inú VirtualBox (ètò tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé nínú kọ̀ǹpútà yín) ni kí ẹ fi XP náà sí. RAM 512 MB àti díìsìkì 10 GB ti tó o. Orí IDE, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ so díìsìkì náà mọ́, kì í ṣe SATA tó jẹ́ ọ̀nà tuntun: XP kò ní dráífà AHCI tí SATA ń lò, ó máa ní òun ò rí díìsìkì kankan. Tí ẹ bá wá gbé e lọ sórí SATA lẹ́yìn tí ẹ ti fi í sí tán, ojú búlúù àṣìṣe 0x0000007B (XP ò rí díìsìkì tó fẹ́ gbéra láti orí rẹ̀) ló máa kí yín. Ẹ yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì XP náà pátápátá, torí kò ní ààbò mọ́: láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú XP. Fáìlì tí ẹ fẹ́ kó wọlé, ẹ sọ ọ́ di ISO (fáìlì tó dúró bíi CD). Ẹ ya snapshot (ẹ̀dà ipò tí XP wà, tí ẹ lè padà sí) kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.