Bí Mo Ṣe Wá Ọ̀tún àti Òsì Nínú Ẹyin Ìgbín Omi

Ìgbín inú adágún kan wà tó ń jẹ́ Lymnaea stagnalis. Bí a bá gbé ìkarahun rẹ̀ dání, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ wá, apá ọ̀tún ni ẹnu náà sábà máa ń wà. Àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn wà lósì. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Inú nǹkan tó ń yọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ ló máa ń yé ẹyin sí. Mo fi abẹ́rẹ́ ya á, mo kó àwọn ẹyin náà sínú omi lórí gíláàsì, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló dáa. Bí ọlẹ̀ bá ti ń yí kiri nínú rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Sẹ́ẹ̀lì kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Nígbà tó kù díẹ̀ kí mẹ́rin di mẹ́jọ, mo yí ẹyin kan títí òkè rẹ̀ fi kọjú sí mi, n kò sì gbójú kúrò mọ́. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Àwọn kékeré mẹ́rin yọ lókè, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó sórí àwọn ńlá gan-an: àlàfo àárín wọn ni wọ́n bọ́ sí, níhà tí ọwọ́ aago ń yí sí. Ìkarahun kò tíì sí, ọkàn kò tíì sí, ọ̀tún ti dé! Ẹnu yà mí gidigidi.

Okùn áktìnì inú sẹ́ẹ̀lì ló ń fa ìdagun yẹn, jíìnì (àbùdá àjogúnbá) tí wọ́n ń pè ní Lsdia1 ló sì ń ṣe prótíìnì tó ń kọ́ okùn náà. Ti ìyá ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹyin, kì í ṣe ti ọmọ. Ní 2019, Masanori Abe àti Reiko Kuroda ní Jàpáánì ba jíìnì yìí jẹ́; ìgbín tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì bàjẹ́ lára rẹ̀, ọmọ olósì ló ń bí. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti 2009: Kuroda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín ti àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré náà sódì, ìgbín náà sì dàgbà sódì, tinú tòde, láìfọwọ́ kan jíìnì kankan.

Ẹyin olósì ni mo fẹ́ wò tẹ̀lé e. Nínú tiwọn, àwọn kékeré máa ń yọ ní tààrà sórí àwọn ńlá kí wọ́n tó yí sósì, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá ń pín lọ́wọ́ ló yẹ kéèyàn ṣọ́ wọn.