Awọ ara tó ń fẹ́lẹ́: ẹ ka èyí kí ẹ tó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo

Ìbéèrè: Mi ò tíì pé 40, ojú mi ti ń hunjọ.
Ìdáhùn: Ṣé inú oòrùn lẹ ti ń pàtẹ? Ẹ ra agbòòrùn. Ṣé ẹ ń mu sìgá? Ẹ jáwọ́.

Ìbéèrè: Ìpara kọ́lájínì ńkọ́?
Ìdáhùn: Kọ́lájínì, ìyẹn okùn tó ń mú awọ yi, tóbi ju ohun tí ojú awọ lè gbà wọlé. Ara á rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, ó tán.

Ìbéèrè: Pọ̀nmọ́ ńkọ́ o, ṣebí awọ lòun náà?
Ìdáhùn: Inú á lọ̀ ọ́ bíi ti ẹran yòókù. Ẹ jẹ ẹ́ torí ó dùn. Àmọ́ ẹ ra ọsàn kún un, torí láìsí fítámì C, okùn kọ́lájínì kì í yi.

Ìbéèrè: Awọ ọwọ́ màmá mi ń ya bíi bébà. Ṣé ogbó ni?
Ìdáhùn: Èmi náà sọ pé ogbó ni nígbà tó ṣe àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Ìgbọ̀nà. Mo lẹ pílásítà mọ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí mo ṣí i, awọ bá a lọ. A yẹ ṣúgà wọn wò, kò sí nǹkan. Àfìgbà tí mo ń bá wọn fa síìpù aṣọ ni mo rí i pé àárín ẹ̀yìn wọn, níbi tí ọwọ́ ò dé, le dáadáa. Mo ní, "Àǹtí, kí lẹ ń pa?" Wọ́n gbé abọ́ funfun kan jáde, ìpara àpòpọ̀ tí kò lórúkọ. Túùbù Clobetasol, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, tí wọ́n fún sínú rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.

Lábẹ́ awọ, àwọ̀n kọ́lájínì wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun ún sì rọ̀ mọ́ ọn. Bí okùn bá le, ó ń fa sẹ́ẹ̀lì. Fífà yẹn ló ń sọ fún un pé kó máa hun lọ. Sítẹ́rọ́ìdì ní kó dáwọ́ dúró. Bí okùn bá sì já, bí oòrùn ṣe ń já a, sẹ́ẹ̀lì á ká kò, á máa tú èròjà tó ń gé okùn tó kù jáde. Òfì tí òwú rẹ̀ ti dẹ̀, ta ló fẹ́ hun ún?

Mo fi ìbínú da abọ́ náà nù. Ẹ̀bi mi nìyẹn: wọ́n dáwọ́ pípa á dúró lójijì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú wọn wú, ó ń ta wọ́n bí ata. Dókítà awọ ló wá ń dín sítẹ́rọ́ìdì náà kù díẹ̀díẹ̀ fún wọn. Ó lé lọ́dún kan kí awọ tó nípọn díẹ̀. Àmọ́ ìlà tí ìpara náà fà sí itan wọn ò lọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè dín irú ìpara bẹ́ẹ̀ kù fúnra mi?
Ìdáhùn: Rárá. Ẹ gbé abọ́ náà dání lọ bá dókítà awọ.