Bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ tí yóò gbèjà ara

Ẹni tó bá ti rí irin tó pẹ́ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí ìpẹtà ń ṣe. Ohun tó jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa. Bí ara ṣe ń fi atẹ́gùn sọ oúnjẹ di agbára, àwọn èròjà kan ń jáde tí wọ́n lè ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ara ní ohun tó fi ń ká wọn lọ́wọ́ kò, ewé àti epo sì ń ràn án lọ́wọ́, pàápàá tí wọ́n bá pàdé nínú ìkòkò kan. Fítámì C inú ata rodo, fún àpẹẹrẹ, lè sọ fítámì E inú epo pupa dọ̀tun lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán.

Bí ẹ bá lọ ra ẹja ní Ọjà Olúwo, ẹ ra tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọ̀kọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ewúro díẹ̀, tòmátì tó pọ́n dénú, rodo, àlùbọ́sà, aáyù, ata ilẹ̀ pupa àti iyèré.

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán kí ẹ tó rì í sómi, fítámì C á bá omi lọ. Mo bẹ yín, ẹ má bọ̀ ọ́ kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù.

Ẹ gé aáyù wẹ́wẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Allicin, ìyẹn èròjà tí a ń wá lára aáyù, kò sí nínú aáyù odindi; ìgbà tí ọ̀bẹ bá kàn án ló ń di, iná sì lè dá a dúró tí kò bá tíì parí.

Ẹ gbé epo kaná, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yọ́ títí táá fi funfun. Pípọ́n rẹ̀ yẹn gan-an ni beta-carotene, tí ara ń sọ di fítámì A. Ẹ da tòmátì àti ata lílọ̀ sí i, kó dín dáadáa. Iná ń tú lycopene, èròjà tó ń mú kí tòmátì pọ́n, sílẹ̀ lára rẹ̀, epo sì ni ara fi ń gbà á wọlé.

Ata ilẹ̀ pupa àti iyèré ló kàn, ẹ má sì ya àwọn méjèèjì. Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí ní Íńdíà fún àwọn ènìyàn ní gíráàmù 2 curcumin, ìyẹn èròjà inú ata ilẹ̀ pupa. Nígbà tí wọ́n fi mílígíráàmù 20 piperine, èròjà inú ata dúdú (black pepper), kún un, curcumin tó wọnú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Piperine wà nínú iyèré tiwa náà.

Ẹ̀fọ́ ló máa gbẹ̀yìn wọlé, ìṣẹ́jú 3 ti tó. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ mu ọsàn kan lé e.

Ẹ má rò pé oògùn oníhóró lè rọ́pò rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1994, àwọn ọkùnrin amusìgá ní Finland ń lo mílígíráàmù 20 beta-carotene lójúmọ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín wọn.

Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, torí fítámì K inú ewé lè dín agbára oògùn náà kù.