Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ Ṣáínà ní àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì

Bí ọmọ Ṣáínà bá sọ pé "Yesterday I go to the market", ẹ má rò pé kò gbọ́ "went" rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe Mandarin, èdè Ṣáínà, kì í yí padà ni. "Chī" ni wọ́n ń pe "jẹ": ìbáà jẹ́ àná, ìbáà jẹ́ ọ̀la, chī náà ni. Ọ̀rọ̀ tó dárúkọ ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́ àsìkò. Àwa náà ń sọ pé "mo lọ lánàá", "lọ" ò sì yẹsẹ̀, ìyẹn ni Yorùbá fi tètè ń rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ẹ fi ohun tó ti kọjá bẹ̀rẹ̀. Ní alaalẹ́, kó kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tó ṣe lánàá, kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, kó wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ibẹ̀ ni yóò ti pàdé "ate", "bought" àti "saw". Èyí téèyàn bá kàn há sórí kì í pẹ́ fò lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí "le", ọ̀rọ̀ kékeré tí Mandarin máa ń fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé "le" àti "-ed" ọ̀kan náà ni, bẹ́ẹ̀ pé nǹkan parí ni "le" ń sọ, kì í ṣe pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. "Míngtiān wǒ chī le fàn jiù zǒu": lọ́la, tí mo bá ti jẹun tán, màá lọ. Ọ̀la la ń sọ, "le" sì wà níbẹ̀. Ẹ wá wo "Wǒ yǐqián xǐhuan tā", mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan: kò sí "le" rárá, "liked" sì ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́. Kó yéé wá "le" kiri. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ ni kó máa bi ara rẹ̀.

Ó kan "have". "Guo", ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe Mandarin, ni kẹ́ ẹ bá wọlé, torí ó jọ "rí" tiwa gan-an: "Wǒ qù guo Běijīng", mo ti lọ sí Beijing rí, "I have been to Beijing". Àmọ́ bí ọdún bá ti wọ̀ ọ́, "have" gbọ́dọ̀ jáde: "I went to Beijing in 2019". Ní Mandarin, "guo" lè bá 2019 jókòó láìsí ìjà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wá.

"Zài" rọrùn: "wǒ zài chī fàn" ni "mo ń jẹun", "I am eating". Ẹ kàn máa ṣọ́ "am", wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀.

Ó ku ẹnu. Sílébù Mandarin kì í parí sórí t tàbí d, nítorí náà ẹni tó kọ "walked" dáadáa lè pè é ní "walk". Kó kọ́kọ́ fi fáwẹ́lì tì í lẹ́yìn: "walked in" á dún bíi "walk-tin", t náà á rí ibi dúró sí. Bó bá ti mọ́ ọn lẹ́nu, kó wá gbìyànjú "walked home".